Pátákò Ẹlẹ́dẹ̀ àti Ọta Àgbá: Àjàyí Crowther Gẹ́gẹ́ Bí Òǹkọ̀wé Ìtàn Òkun

Ẹni tó bá dúró nídìí ìwé àlòkù ní Agbowó, lódìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn, lè bá Treasure Island tí Stevenson tẹ̀ jáde ní 1883 pàdé. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa fi mọ ìtàn òkun: ọmọkùnrin kan wọkọ̀, ó la ewu já, ó padà wálé. Èrò mi ni pé Yorùbá ní ìtàn òkun tirẹ̀ tó ṣáájú èyí, iṣẹ́ ọnà sì ni, kì í ṣe ẹ̀rí ìtàn lásán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìtàn òkun Gẹ̀ẹ́sì kan. Ní 1836, Frederick Marryat, tó ti wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì láti 1806, tẹ Mr Midshipman Easy jáde. Jack, olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló yan òkun. Mesty, ọmọ ọba Ashanti tó ti ṣẹrú rí, wà nínú ọkọ̀ kan náà, ó ń se omi fún àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá. Akin ni, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí kò já gaara ni Marryat fi sí i lẹ́nu.

Ní Fẹ́búárì 1837, Àjàyí Crowther kọ ìtàn tirẹ̀ ní Fourah Bay ní Sierra Leone, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì já gaara. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, wọ́n sì tà á dé Èkó. Ọkọ̀ Potogí tó gbé e kó ẹrú 187. Ní 7 Épírì 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, gbà wọ́n. Nínú ọkọ̀ olùgbàlà yìí, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí ẹran funfun tí wọ́n so rọ̀, wọ́n rí ọta àgbá tí wọ́n tò sílẹ̀. Wọ́n rò pé ẹran ara èèyàn ni ẹran náà, pé orí àwọn èèyàn náà sì ni ọta. Nílé, iná la fi ń wi ẹlẹ́dẹ̀. Wọn ò rí èyí tí awọ rẹ̀ funfun rí. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn tí wọ́n rí pátákò ni ọkàn wọn tó balẹ̀.

Ọgbọ́n òǹkọ̀wé nìyí. Àgbàlagbà tó mọ òtítọ́ ló ń kọ̀wé, síbẹ̀ ojú ọmọdé ló fi wò ó, ó sì jẹ́ kí àwa náà kọ́kọ́ bẹ̀rù.

Lóòótọ́, lẹ́tà sí akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere kan ni, kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n ìdí tí a fi kọ nǹkan kọ́ ló ń sọ bí a ṣe kọ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, tó kọ́ni ní Ìbàdàn, ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ìtàn nínú Africa Remembered (1967). Ó kù sọ́wọ́ àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀. Ẹ jẹ́ káwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka ìgbà tí Jack wọkọ̀ àti ìgbà tí Àjàyí wọkọ̀ pa pọ̀, kí wọ́n sì wo ohun tí ojú kálukú rí.