Ta Ló Yẹ Kó Se Oúnjẹ Nílé Ọlọ́fọ̀?

Ẹ̀yin ará, ní ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ ṣáájú àwọn Ẹ̀gbá tí ogun tú ìlú wọn ká dé abẹ́ òkúta Olúmọ, tí wọ́n sì tẹ Abẹ́òkúta dó. Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùúrá, lẹ́yìn náà Òwu: àdánù ló sọ wọ́n di aládùúgbò.

Ọmọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀tọ́ ọlọ́fọ̀. Nígbà tí wọ́n pa Ja‘far ọmọ Abū Tālib lójú ogun Mu’tah ní ọdún 629, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí wọ́n se oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, nítorí ìbànújẹ́ ti gbà wọ́n lọ́kàn.

Lónìí, ọlọ́fọ̀ ló ń yáwó se ìrẹsì fún àwa tí a wá kí i. Ẹ jẹ́ ká yí i padà: ká bẹ aláìsàn wò, ká sì gbé oúnjẹ lọ sílé ọlọ́fọ̀.