Slash àti Backslash: Ilé Là Ń Wò Ká Tó Sọ Fáìlì Lórúkọ

Nígbà tó ku ọ̀la ká fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa sílẹ̀, ètò tí a fi Python kọ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Windows ni ẹni tó kọ ọ́ láàárín wa ń lò, ó sì kọ 'data\marks.csv' síbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lórí Linux, kò rí fáìlì kankan. A yí orúkọ fáìlì náà padà sí 'data\names.csv', ni Windows pàápàá bá kọ̀. Ìjà yìí ti wà kí wọ́n tó bí wa. Ẹ jẹ́ ká pìtàn rẹ̀.

Ní 1969, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà. Multics, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lé lórí ṣáájú, ń fi > pààlà láàárín fódà kan àti èkejì. Unix mú / ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ni Linux àti macOS ti jogún àṣà náà.

Ní 1981, IBM gbé PC jáde pẹ̀lú DOS tí Microsoft fún un. DOS ìgbà náà kò ní fódà rárá: ojú kan ni gbogbo fáìlì inú dísìkì wà. Wọ́n sì ti fún / ní iṣẹ́ mìíràn, òun ni wọ́n fi ń fi kún àṣẹ, bíi FORMAT /S. Nígbà tí MS-DOS 2.0 mú fódà dé ní 1983, ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga. Bí wọ́n bá gba / lọ́wọ́ àṣẹ, ohun tó ti mọ́ àwọn èèyàn lára yóò dàrú. Ni wọ́n bá mú \.

Ṣùgbọ́n \ náà ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Nínú èdè C, tí Ritchie ṣe ní Bell Labs kan náà, \n túmọ̀ sí 'bọ́ sí ìlà tuntun'. Python jogún rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí 'data\names.csv' fi já sí méjì mọ́ wa lọ́wọ́: Python ka 'data', ó bọ́ sí ìlà tuntun, ó wá ka 'ames.csv'. \m kò ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ló jẹ́ kí marks mórí bọ́ lórí Windows.

Oògùn rẹ̀ wà nínú Python fúnra rẹ̀. os.path.join máa ń wo kọ̀ǹpútà tó bá wà lórí rẹ̀ kó tó yan àmì tó máa fi so orúkọ pọ̀. Ní 2014, Python 3.4 mú pathlib wá: ká kọ Path('data') / 'names.csv', ó tán.

Ìlà kan péré la yí padà, ètò wa sì ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà gbogbo wa. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ \ mọ́ orúkọ fáìlì, ilé tirẹ̀ nìkan ló wò.