Àpá Kùsà: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Wíwo Ilẹ̀ láti Òfuurufú

Ibi tí àwọn ará ìgbà ìwáṣẹ̀ ti wa kùsà kì í parẹ́ bọ̀rọ̀. Kòtò a dí, koríko a bò ó, síbẹ̀ ẹni tó bá wò ó láti òfuurufú yóò rí i pé ilẹ̀ náà kò dọ́gba mọ́. Ní Grimes Graves nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe àáké ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn, kòtò tó lé ní 400 ló wà, fọ́tò òfuurufú sì ń fi bí wọ́n ṣe fara kan ara wọn hàn. Ní ìhà Ṣakí ní Òkè-Ògùn, iṣẹ́ kan tó sún mọ́ èyí ni ti odi Ọ̀yọ́-Ilé, tí Robert Soper àti Patrick Darling tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1980. Odi ni wọ́n wá, kì í ṣe kùsà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìmọ̀ yìí lédè Yorùbá, kó kọ́kọ́ yà sí agbẹ̀dẹ kó tó ṣí ìwé atúmọ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ ti ní orúkọ. Iléru ni ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òkúta irin; ẹwìrì ló ń fẹ́ná; ìdàrọ́ sì ni pàǹtí tó ṣẹ́kù nígbà tí irin bá ti jáde. Ìdàrọ́ ló ṣe pàtàkì jù, torí kì í jẹrà. Òkìtì rẹ̀ ni àwọn awalẹ̀pìtàn tọ̀ ní Bassar ní Tógò, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ irin ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Kí ẹnìkan tún wá máa kọ “ìdọ̀tí irin” kò bójú mu rárá. Ìwé David Adeniji lórí wíwa irin àti yíyọ́ rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, tó jáde ní Ìbàdàn ní 1977, dára fún ẹni tó bá ń wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ojú ń rí láti òkè ló nílò ìṣẹ̀dá. Àmì ni ọ̀pọ̀ yóò sáré lò, ṣùgbọ́n ẹni tó fi àmì sílẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Àpá ló bá a mu: ọgbẹ́ tó jinná ló ń dá àpá, bẹ́ẹ̀ náà ni kòtò tó dí. Àpá òjìji ni èyí tó ń hàn láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, nígbà tí gegele kékeré bá ta òjìji gígùn. Àpá ewéko ni ti àgbàdo tó tutù yọ̀yọ̀ lórí kòtò àtijọ́, nítorí erùpẹ̀ tó dí kòtò náà jìn, ó sì ń gba omi dúró. Lórí ìdàrọ́ tàbí yangí, ewéko kì í ga. Àpá erùpẹ̀ ni àwọ̀ ilẹ̀ tó yàtọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ ebè.

Ní ti orúkọ ìgbà náà fúnra rẹ̀, “ìgbà ṣáájú ìtàn” kò ṣeé gbà. Ìwé ni kò sí nígbà náà. Ìtàn wà, oríkì sì ń pa á mọ́. Iṣẹ́ náà kò sì dópin síbẹ̀: lẹ́bàá Ọ̀yọ́ pàápàá, wọ́n ṣì ń yọ́ irin nígbà tí C. V. Bellamy tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí irin yíyọ́ níbẹ̀ jáde ní 1904. Ìwáṣẹ̀ ti wà nínú èdè tẹ́lẹ̀, kò sì pa irọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Dróònù àti sátẹ́láìtì ti mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu, kí wọ́n máa wà bẹ́ẹ̀. Fọ́tò tí ẹ̀rọ yà nígbà tó dojú kọ ilẹ̀ gan-an lè jẹ́ fọ́tò òòró, kí èyí tó wò láti ẹ̀gbẹ́ jẹ́ fọ́tò ìdagẹ̀rẹ̀. Fún bí ẹ̀rọ ṣe ń ríran tó, ojú-mímú tó. Ojú-mímú NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tó gòkè ní 2003, jẹ́ mítà 32. Iléru kan á pòórá nínú rẹ̀. Ti NigeriaSat-2, tó gòkè ní 2011, jẹ́ mítà 2.5, òkìtì ìdàrọ́ ńlá sì lè hàn níbẹ̀.

Ní Ṣakí, ìgbà ló ń pinnu ohun tí yóò hàn. Lásìkò òjò, koríko á bo ẹsẹ̀ òkè Àṣabàrí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí iná bá ti jó pápá, ilẹ̀ á ṣí sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ lè sọ fọ́tò di bàìbàì. Ohun tó bá hàn nígbà náà yẹ kó ní orúkọ tirẹ̀: àpá pápá-jíjó. Ṣùgbọ́n àwọn awakùsà òde òní náà ń gbẹ́ kòtò káàkiri Òkè-Ògùn, fọ́tò nìkan kò sì lè ya tiwọn sọ́tọ̀ lára ti ìwáṣẹ̀. Níbi tí ìdàrọ́ bá wà, èédú tó bá há sínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀.