Ìlú Tó Ti Tú, Tó Ṣì Ń Yan Aṣòfin

Ní ọdún 1735, William Pitt, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá di gbajúmọ̀ olóṣèlú lẹ́yìn náà, wọ ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí aṣojú Old Sarum. Ẹni tó bá wá ìlú náà lọ nígbà yẹn, òkè tí koríko bò ni yóò bá.

Ìlú gidi ni tẹ́lẹ̀. Àwọn Nọ́máńdì kọ́ odi sórí òkè náà, wọ́n sì ya kàtídírà ibẹ̀ sí mímọ́ ní 1092. Àmọ́ omi ṣọ̀wọ́n, atẹ́gùn ń dà wọ́n láàmú, ọ̀rọ̀ àwọn àlùfáà àti àwọn ọmọ ogun tó jọ wà nínú odi kò sì wọ̀. Ní 1220, Bíṣọ́ọ̀bù Richard Poore fi ìpìlẹ̀ kàtídírà mìíràn lélẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ etí odò, níbi tí Salisbury wà lónìí. Àwọn ará ìlú ṣí tẹ̀ lé e. Kódà, wọ́n padà wá kó òkúta ìlú àtijọ́ lọ fi kọ́lé.

Ẹ̀tọ́ láti yan aṣòfin méjì nìkan ni kò bá wọn lọ. Ilẹ̀ ni ẹ̀tọ́ náà so mọ́: ẹni tó bá ni ilẹ̀ ló ni ìbò. Bàbá bàbá Pitt, Thomas Pitt, gómìnà Madras ní Íńdíà tí dáyámọ́ńdì sọ di olówó, ra ibẹ̀, ó sì di ogún ìdílé. Bí ọjọ́ ìbò bá pé, wọ́n á pàgọ́, olùdìbò díẹ̀ á yọjú, wọ́n á yan ẹni tí onílẹ̀ fẹ́, ó parí.

Old Sarum nìkan kọ́. Ní ti Dunwich, ìlú kan ní etíkun Suffolk, òkun ló jẹ ẹ́. Èbúté ńlá ni, àfìgbà tí ìjì 1286 àti ti 1328 kó òkúta àti yanrìn dí ẹnu rẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi wá ibòmíràn gbà. Ṣọ́ọ̀ṣì ń wó sókun lọ́kọ̀ọ̀kan; ilé gogoro All Saints, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó kẹ́yìn, ṣubú ní 1919. Síbẹ̀ aṣòfin méjì ni Dunwich ń rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí Manchester, tí ilé iṣẹ́ òwú kún inú rẹ̀, kò ní ẹyọ kan.

Ìlú jíjẹrà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ìlú bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ìlú tó tú kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń fi òkú rẹ̀ jẹun ni jíjẹrà náà wà lọ́wọ́ wọn. Ní 1766, Pitt fúnra rẹ̀ sọ nílé aṣòfin pé ibi tó ti jẹrà nínú ìjọba nìyí, pé kò ní í pẹ́ tán. Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀! Old Sarum ló gbé e wọlé.

Ó tún lé ní ọgọ́ta ọdún kí nǹkan tó yí. Nígbà tí ilé aṣòfin àwọn ìjòyè kọ àbádòfin tó fẹ́ tún ètò ìdìbò ṣe ní oṣù kẹwàá 1831, ìlú dàrú: wọ́n dáná sun ilé ní Bristol, wọ́n sì jó ilé olódi Nottingham. Òfin náà jáde ní oṣù kẹfà 1832. Ìlú 56 pàdánù àwọn aṣòfin wọn pátápátá, Old Sarum àti Dunwich wà lára wọn. Manchester, Leeds àti Birmingham gba méjì méjì. Òfin kan náà ló kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ọkùnrin nìkan ló lè dìbò, ìbò ojútáyé ni wọ́n sì ń dì títí di 1872.