Àwọn Alágbàtà Bordeaux àti Ìwé Ọdún 1855

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọtí àjàrà Bordeaux lónìí yóò rí i pé ìwé kan tí a kọ ní 1855 ṣì ń darí owó tí yóò san. Lọ́dún náà, Napoleon III ń gbé àfihàn ńlá kan kalẹ̀ ní Paris, àwọn oníṣòwò Bordeaux sì ní kí àwọn alágbàtà to ọtí ìlú wọn ní ipò-ipò. Iye tí ọtí kọ̀ọ̀kan ti ń pa lọ́jà ni òṣùwọ̀n wọn. Mẹ́rin ló wà ní ipò kìíní: Lafite, Latour, Margaux àti Haut-Brion.

Gbogbo ọtí pupa inú ìwé náà, Médoc ni wọ́n ti wá, àfi Haut-Brion nìkan. Saint-Émilion àti Pomerol kò sí níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò Libourne ló ń ta tiwọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé ọtí wọn kò dára ni. Mouton pàápàá, ipò kejì ni wọ́n fi sí. Philippe de Rothschild jà fún un títí di 1973 kí ó tó gòkè.

Orúkọ ilé ọlọ́tí ni wọ́n tò, kì í ṣe ilẹ̀ oko. Oko tí ilé náà rà lẹ́yìn 1855 lè jókòó sábẹ́ orúkọ àtijọ́. Àwọn olùrà máa ń tọ́ ọtí tuntun wò nígbà ìrúwé, nígbà tó ṣì wà nínú àgbá, kí wọ́n tó san owó ohun tí kò tíì wọ ìgò.