Kíka ìwé kọ́ ni kíka ọgbọ́n

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ aṣọ wax Họ́láńdì. Ẹ gbọ́ ìtàn ilẹ̀ tí ó ti ń wá.

Ẹni tí ó bá ṣe ohun tuntun lè gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba, kí ẹlòmíràn má baà ṣe é tà láìgba àṣẹ rẹ̀. Brevet ni Faransé ń pè é, kì í ṣe ti ilé-ìwé o. Àwọn kan a máa ka ìwé yìí láti mọ ìlú tí ó gbọ́n jù.

Ní 1869, ìjọba Họ́láńdì fagi lé òfin ìwé náà. Títí di 1912, wọn kò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣé orí wọn kú ni? Rárá. Ní 1891, Gerard Philips àti bàbá rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ gílóòbù iná sílẹ̀ ní Eindhoven. Àwọn mìíràn ti ń ṣe gílóòbù ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n Gerard wá ọ̀nà tí okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ fi dọ́gba.

Àwa ńkọ́? Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, ni olú ọ́fíìsì tí ń fún ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ní ìwé yìí wà. Owó ni a fi ń gbà á. Ìyá tí ó rí ọ̀nà tuntun láti yan gàrí kò débẹ̀, ẹni tí ń ka ìwé kò sì rí i.

Ẹ má gbà pé ìlú tí kò ní ìwé kò ní ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ kọ ọgbọ́n yín sílẹ̀, kí ó má baà sọnù.