Owó Ẹyọ àti Àwọn Erékùṣù Tí Ó Ti Wá



Nínú èdè Lárúbáwá, irú ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní nisba. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so ènìyàn tàbí nǹkan mọ́ ibi tí ó ti wá. Olóògbé Sheikh Adam Abdullah, olùdásílẹ̀ Markaz ní Agége, ni gbogbo ayé mọ̀ sí al-Ilori nítorí ìlú Ìlọrin. Bákan náà ni Ibn Battuta, arìnrìn-àjò tí wọ́n bí ní 1304, ń jẹ́ al-Tanji nítorí ìlú Tanja ní ilẹ̀ Morocco.

Àwa náà ní irú rẹ̀. A ní aṣọ òfì Ìṣẹ́yìn, a sì ní gàrí Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé orúkọ ìlú lè kúrò ní ìlú. Gàrí tí wọ́n yan ní Ìyànà Ọ̀fà níhìn-ín lè jẹ́ gàrí Ìjẹ̀bú lọ́jà, bí ó bá ti kan tí ó sì gbẹ.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kan ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí, èyíinì ni "ti Máldífì". Máldífì ni àwọn erékùṣù bí 1,200 tí ó wà nínú òkun ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà. Ìtàn wọn sọ pé ní 1153 ni ọba wọn gba Islam, ẹ̀sìn náà sì ni wọ́n ń ṣe títí di òní. Bí a bá sọ pé ènìyàn jẹ́ ti Máldífì, ọmọ ilẹ̀ náà ni. Bí ó bá jẹ́ èdè, Dhivehi ni, orúkọ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ erékùṣù. Nínú ilé ìdáná àwọn ará Sri Lanka, ẹja gbígbẹ ni, tí wọ́n ń gún sínú ọbẹ̀ bí àwa ti ń ṣe edé. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò etíkun wa láyé àtijọ́, owó ẹyọ ni.

Ibn Battuta ṣe adájọ́ ní Máldífì ní 1343 sí 1344. Ó sọ bí wọ́n ti ń kó ìgbín òkun náà, tí wọ́n ń kó o sínú kòtò létí òkun títí ẹran inú rẹ̀ yóò fi tán, tí èèpo funfun yóò sì kù. Níbẹ̀, dínárì wúrà kan a máa ra 400,000. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Mali ní 1352, ó rí owó ẹyọ yìí kan náà lọ́jà, 1,150 péré ni dínárì wúrà kan ń rà. Ẹ wo iyì tí ọ̀nà jíjìn fi kún un!

Lẹ́yìn èyí ni àwọn Òyìnbó gba òkun. Àwọn Potogí, àwọn Dọ́ọ̀ṣì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó o dé etíkun wa, wọ́n sì ń fi ra ẹrú ní Ouidah àti láwọn ibòmíràn. Òótọ́ kíkorò ni èyí: ohun tí àwọn Mùsùlùmí kó láti inú òkun ni wọ́n fi díyelé ọmọ ènìyàn.

Àwọn bàbá wa a máa ka 40 sí okùn kan, 50 okùn sí ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sí ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Ìdí nìyí tí mílíọ̀nù kan fi ń jẹ́ àádọ́ta ọ̀kẹ́ lẹ́nu wa títí di òní.

Láti nǹkan bí 1845, àwọn oníṣòwò Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó èyí tí ó tóbi jù, tí ó sì wúwo jù, wá láti ìhà Zanzibar, tí òun náà jẹ́ erékùṣù àwọn Mùsùlùmí. Ti Zanzibar kò wọ́n bíi ti Máldífì. Ó pọ̀ lọ́jà débi pé owó ẹyọ di yẹpẹrẹ. Nígbà tí ṣílè, kọ́bọ̀ àti ọ́níní gbilẹ̀, ó kásẹ̀ nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó.

Kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá gan-an ni. Bí ìyá àgbà bá kú láwọn abúlé wa, tí wọ́n bá igbá owó ẹyọ lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ìjà a máa dé. Ẹnìkan a ní kí wọ́n sun ún nítorí pé nǹkan òrìṣà ni, ẹlòmíràn a ní kí wọ́n so ó mọ́ ọmọ lọ́rùn kí ó má baà kú.

Àwọn méjèèjì ni ó ṣìnà. Nínú hàdíìsì tí Imam Ahmad gbà wá láti ẹnu Uqba ọmọ Amir, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gégùn-ún fún ẹni tí ó bá so owó ẹyọ kọ́ra fún ààbò. Síso ó kọ́ra ni ó kọ̀. Ẹni tí ó bá dà á sílẹ̀ láti wádìí ọ̀la ti wá ìmọ̀ ohun tí ó pamọ́ sí ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ná an lọ́jà, owó ni ó ná. Ìlò ni ó sọ ọ́ di ìbọ, kì í ṣe ibi tí ó ti wá.

Nítorí náà, ẹ bọ́ ọ lọ́rùn ọmọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kù nínú igbá, ogún ni. Ẹ má sun ún. Ẹ kà á mọ́ ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, tàbí kí ẹ fi há ilé-kéwú, kí àwọn ọmọ lè fi kọ́ ìṣirò ọ̀kẹ́, kí wọ́n sì mọ ìtàn rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi wá mọ̀nà, kí Ó sì dáàbò bo àwọn ọmọ wa, nítorí Òun nìkan ni Aláàbò. Àmín.